Orí Kẹfà: Ìlù, Ìwọ́de àti Ìfẹ́ nínú Fíìmù tó Sọ Ìtàn Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè kan ni a ó máa tọ pinpin nínú orí yìí: nígbà tí fíìmù ìfẹ́ bá kó ìlù, ijó àti ọ̀pọ̀ èrò jáde sí ìgboro, ta ló ni ìwọ́de náà? Ṣé ti olólùfẹ́ méjèèjì ni, àbí ti ìlú?

Ní Hollywood, ìdáhùn kì í pẹ́ yọjú. Nínú Easter Parade, fíìmù olórin tí Charles Walters darí lọ́dún 1948, tí Irving Berlin kọ orin rẹ̀, Judy Garland àti Fred Astaire jọ rìn lójú pópó Fifth Avenue ní New York lọ́jọ́ ọdún Àjíǹde. Èrò pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ, fìlà àwọn obìnrin kò ní òǹkà, ṣùgbọ́n tìtorí àwọn méjì yẹn ni gbogbo wọn ṣe jáde. Orfeu Negro kò rí bẹ́ẹ̀. Marcel Camus, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló yà á ní Rio de Janeiro, ó sì gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní Cannes lọ́dún 1959. Ọjọ́ àríyá Carnival ni ìfẹ́ Orfeu àti Eurydice bọ́ sí. Ikú wọ aṣọ eré bíi ti àwọn yòókù, ó ń dọdẹ ọmọbìnrin náà láàárín àwọn tó ń jó, kò sì sẹ́ni tó fura, torí pé gbogbo ìlú ló wọ aṣọ eré lọ́jọ́ náà. Fíìmù tó sọ ìtàn Ọ̀yọ́ sún mọ́ ti Rio ju ti New York lọ. Ohun tó fà á la fẹ́ wò.

Ìyàwó tó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé

Kí a tó dé orí fíìmù rárá, ẹ jẹ́ kí a wo ìwọ́de tó jẹ mọ́ ìgbéyàwó tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn àti agbègbè wọn mọ̀ dunjú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sin ọmọbìnrin lọ ilé ọkọ láyé àtijọ́, yóò wẹ̀, yóò múra, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò tò tẹ̀ lé e, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí agbo-ilé ká. Yóò kúnlẹ̀ níwájú bàbá, yóò kúnlẹ̀ níwájú ìyá, yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ilé yòókù. Ẹkún ìyàwó ló ń sun. Ẹkún yìí ní ohùn tirẹ̀, ó yàtọ̀ sí igbe, ó yàtọ̀ sí orin. Ọmọ ń dúpẹ́ oore ìtọ́jú, ó ń tọrọ ire ọmọ, ó ń ki ilé bàbá rẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ó ń fi ẹ̀fẹ̀ gún àwọn tí kò pa ara wọn mọ́ lára. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbè é. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ìyàwó ilé yóò fi orin sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, wọn yóò da omi sí i lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé.

Ẹ wo ẹni tí kò sí níbẹ̀: ọkọ. Ìgbéyàwó là ń ṣe, èrò pé, orin ń lọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárín ọkọ àti ìyàwó kò jẹ yọ. Ilé tó ń fi sílẹ̀ ni ọmọ ń bá sọ̀rọ̀. Kò túmọ̀ sí pé kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ní àsìkò tirẹ̀, òru ni, ẹ̀yìnkùlé ni, ọ̀nà odò ni. Ojútáyé jẹ́ ti ẹbí àti ti ìlú. Olùdarí tó bá wá ya ìgbéyàwó àtijọ́ ní Ọ̀yọ́, tó kó ọkọ àti ìyàwó síwájú onílù kí wọ́n máa fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, Fifth Avenue ló yà. Aṣọ òfì tí wọ́n wọ̀ kò lè sọ ọ́ di Ọ̀yọ́.

Egúngún ní ààfin

Ìran wíwò ní Ọ̀yọ́ ti dàgbà ju sinimá lọ. Joel Adédèjì, tó fi eré alárìnjó ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1969, tọ orísun eré náà dé ààfin Aláàfin Ogbólú. Ìtàn náà dùn. Ọ̀yọ́ wà ní Ìgbòho gẹ́gẹ́ bí àtìpó nígbà náà, ọba sì fẹ́ kí wọ́n padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́. Nígbà tí ọba rán àwọn èèyàn lọ yẹ ibẹ̀ wò, àwọn ìjòyè ti rán àwọn mìíràn ṣáájú, wọ́n múra bí iwin, wọ́n sì lé àwọn ẹni ọba sá. Àṣírí tú sọ́wọ́ ọba, ó kó ọdẹ lọ, wọ́n mú àwọn iwin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí wọ́n fún un látàrí èyí ni Ọba Mọ́rọ̀. Àwọn tí wọ́n mú yìí àti ìdílé Ológbojò ni ìtàn so eré egúngún inú ààfin mọ́. Láti ààfin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri, wọ́n ń ṣeré láti ìlú dé ìlú.

Ẹni tó kọ ohun tó fojú rí sílẹ̀ ni Hugh Clapperton, òyìnbó ará Scotland, tó wọ Ọ̀yọ́-Ilé pẹ̀lú Richard Lander ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826. Nínú oṣù Kejì, Aláàfin pè é wá wòran. Eré náà ní ìdá mẹ́ta. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọn tó wọ inú àpò fò sókè, wọ́n tàkìtì, wọ́n jó. Nínú ìkejì, erè ńlá kan fà jáde, ó ń la ẹnu. Ìkẹta ló kan àlejò fúnra rẹ̀: wọ́n tú àpò kan, ènìyàn funfun báláú kan yọ jáde nínú rẹ̀, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, òtútù ń mú un, ó ń fín aáṣáà, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Èrò rẹ́rìn-ín títí. Láàárín ìdá kan sí ìkejì, àwọn ayaba kọrin, àwọn òǹwòran sì gbè é. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀dọ̀ òyìnbó la ti kọ́ eré olórin, ẹ fi ọdún 1826 dá a lóhùn.

Láti orí ìtàgé sí kámẹ́rà

Dúró Ládiípọ̀ ni afárá. Ọmọ Òṣogbo ni, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ló wá ìtàn eré rẹ̀ lọ: Ọba Mọ́rọ̀ ní 1962, Ọba Kòso ní 1963, Ọba Wàjà ní 1964. Ọba Kòso ló gbé e lọ sí Berlin ní 1964. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, ló sì ṣe Ọya. Tọkọtaya gidi ló ń ṣe tọkọtaya ààfin lórí ìtàgé, ẹni tó bá sì ti gbọ́ ohùn obìnrin náà á mọ̀ pé kò sí àwàdà níbẹ̀.

Ìfẹ́ wo ló wà nínú Ọba Kòso? Ìfẹ́ tó kẹ́yìn ni. Nígbà tí nǹkan dùn, bàtá ń dún, obìnrin ń kì, ìjòyè ń dọ̀bálẹ̀, Ọya kàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó yí ọba ká. Ìgbà tí èrò tú, tí ìlù dákẹ́, la tó rí i pé Ọya ni ẹni tó kù. Ládiípọ̀ mọ̀ pé òǹwòran kò ní mọ iye ẹni kan tó dúró ti ọba bí kò bá kọ́kọ́ rí ọgọ́rùn-ún tó yí i ká. Ọgbọ́n yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ kọ eré.

Lọ́dún 1976, olùdarí fíìmù Ọlá Balógun kó Ládiípọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ síwájú kámẹ́rà fún Àjàní Ògún, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Orin ló gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀dọ́ ọdẹ kan ló ń bá olóṣèlú jẹgúdújẹrá jà nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ àti nítorí ọmọbìnrin tó fẹ́. Adé Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love, ló ṣe ọdẹ náà. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, a óò padà sí i. Ní nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, Balógun tún mú ìwé Ọmọ Olókùn-Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ bíbí Ọ̀yọ́, kọ, ó sọ ọ́ di Ìjà Òmìnira.

Ijó Ẹlẹ́ṣin

Ọ̀ràn tó wúlò jù fún ìbéèrè wa ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tí a ń gbé lónìí, èyí tí Àtìbà tẹ̀ dó ní Àgọ́ Ọjà ní àwọn ọdún 1830. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà lópin ọdún 1944. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó yẹ kí Olókùn-Ẹṣin, ìjòyè tó ń ṣe àbójútó ẹṣin ọba, kú tẹ̀ lé e. Ó wọ ìlú, ó wọ aṣọ funfun, ó ń jó ní ìgboro, gbogbo ènìyàn sì mọ ibi tí ijó náà ń lọ. Ìjọba òyìnbó dá a dúró. Ọmọ rẹ̀ ló kú dípò rẹ̀.

Ládiípọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe Ọba Wàjà. Wọlé Ṣóyínká fi ṣe Death and the King's Horseman ní 1975, ó sún ìṣẹ̀lẹ̀ náà padà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì sọ ọmọ Olókùn-Ẹṣin di akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé. Biyi Bándélé ya ti Ṣóyínká ní fíìmù fún ilé-iṣẹ́ EbonyLife, ní èdè Yorùbá, ó pè é ní Ẹlẹ́ṣin Ọba. Ọdúnladé Adékọ́lá ni Ẹlẹ́ṣin, ìyẹn Olókùn-Ẹṣin, Shaffy Bello ni Ìyálọ́jà, Brymo olórin ni Olóhùn-iyọ̀. Bándélé kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, fíìmù rẹ̀ sì jáde ní Toronto ní oṣù Kẹsàn-án, ó dé orí Netflix ní oṣù Kọkànlá.

Ẹ wo ìran ọjà. Ẹlẹ́ṣin wọlé pẹ̀lú ìlù, Olóhùn-iyọ̀ ń kì í lẹ́yìn. Àwọn obìnrin ọjà yí i ká, wọ́n ń kó aṣọ olówó iyebíye bò ó. Ẹni tí kò mọ ìtàn yóò rò pé ọkọ ìyàwó ni. Láàárín ariwo yẹn ni ojú rẹ̀ ti bá ti ọmọbìnrin kan. Ó ní òun ń fẹ́ ẹ. Àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà ni ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi nǹkan du ẹni tó ń lọ sọ́run? Wọ́n fún un. Ìwọ́de ikú yà sí yàrá ìyàwó.

Ibi tí ẹjọ́ wà gan-an nìyí. Òyìnbó dá Ẹlẹ́ṣin dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ dá ara rẹ̀ dúró. Ìlú ló ni ìwọ́de, ìlú ló dá aṣọ, ìlú ló pe onílù. Ó gba gbogbo rẹ̀, ó fi wá ìyàwó. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ka ìran yìí sí ìran ìfẹ́, wọ́n á ní ọkùnrin tó ń kú lọ fẹ́ràn ayé. Èmi kò gbà. Ọmọbìnrin náà kò sọ̀rọ̀ kan títí eré fi parí. Ìfẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo ń sọ kì í ṣe ìfẹ́ tí a lè gbé fíìmù lé lórí. Ìyálọ́jà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi korò tó bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn, nígbà tó kó àwọn obìnrin ọjà kan náà jáde, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń wọ́ bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Òkú Olúńdé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin, ni wọ́n gbé lọ́tẹ̀ yìí.

Àríyá kẹta wà nínú eré náà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àti ìyàwó rẹ̀ wọ aṣọ egúngún tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn elégúngún, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sí òde ijó nítorí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó wá kí wọn, wọ́n ń jó tango nínú rẹ̀. Lọ́dún 1826, egúngún Ọ̀yọ́ ló wọ awọ òyìnbó, ìlú sì rẹ́rìn-ín. Nínú eré Ṣóyínká, òyìnbó ló wọ aṣọ egúngún, Amusa ọlọ́pàá kò sì lè wo wọn lójú. Ìran méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì, ṣùgbọ́n ti Clapperton ní ìlú lẹ́yìn. Ti ajẹ́lẹ̀ kò ní nǹkan kan lẹ́yìn ju ìgò ọtí lọ.

Ògúnlọlá àti Ìyàwó rẹ̀

Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìtàn tirẹ̀, Lérè Pàímọ́ ló sì gbé e sójú ayé. Ọmọ ìlú náà ni, a bí i ní 1939. Ó bẹ̀rẹ̀ eré lọ́dọ̀ Oyin Adéjọbí, ó lọ sọ́dọ̀ Ládiípọ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fi oyè MFR dá a lọ́lá ní 2005. Nínú fíìmù Ògbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, òun ló ṣe Sọ̀ún Ògúnlọlá, ọdẹ tó ń ṣẹ̀wọ̀n lọ́dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n tú sílẹ̀ kó lọ kojú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da ìlú láàmú, tó sì gé orí rẹ̀ wá.

Ìwọ́de inú ìtàn yìí ni ti orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń lọ sí ààfin. Fíìmù jagunjagun ni, kò pe ara rẹ̀ ní fíìmù ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn ìlú kò gbàgbé Lọ́rungbẹ́kún, ìyàwó Ògúnlọlá, tí wọ́n ní ó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tó ń wá sinmi lọ́dọ̀ wọn, tí àwọn ará àdúgbò sì ń tipa bẹ́ẹ̀ pé jọ síbẹ̀. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: orí ọ̀tá ló fún ìlú ní orúkọ, ṣùgbọ́n ìkòkò obìnrin yìí wà lára ohun tó kó èèyàn jọ kí ìlú tó di ìlú. Ẹnikẹ́ni tó bá tún ìtàn yìí yà, tó sì jẹ́ kí Lọ́rungbẹ́kún sọ̀rọ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, yóò rí fíìmù ìfẹ́ mú jáde níbẹ̀ láìfi irọ́ kún un.

Àníkúlápó

Adé Afọláyan tí a ní kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ bí Kúnlé. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Àníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan darí jáde lórí Netflix. Sàró, ẹni tí Kúnlé Rèmí ṣe, jẹ́ ahunṣọ òfì tó wá wá iṣẹ́ ajé ní Ọ̀yọ́. Aṣọ ló mú un wọ ààfin. Ibẹ̀ ló ti rí Àrọlákẹ́, olorì kékeré tí àwọn ìyáálé ń fojú pọ́n, ẹni tí Bímbọ́ Adémóyè ṣe.

Ìran ààfin inú fíìmù náà tóbi, ó ní ijó, ó ní ìlù, ó ní aṣọ. Olólùfẹ́ méjèèjì kò sì ní ìpín kankan nínú rẹ̀. Òkùnkùn ni wọ́n ti ń rí ara wọn. Nígbà tí àṣírí tú, ìyà tí wọ́n fi jẹ Sàró ní gbangba ni ìgbà àkọ́kọ́ tí èrò pé lé e lórí. Lẹ́yìn tí ẹyẹ Àkàlà jí i dìde, tó dé ìlú mìíràn, tó ń fi ado ẹyẹ náà jí òkú, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wárí fún un. Ẹ ṣọ́ ibẹ̀ dáadáa: ìgbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tẹ̀ lé Sàró náà ni ìfẹ́ rẹ̀ sí Àrọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ó fẹ́ obìnrin kún obìnrin, ó ní ọmọ ọba lòun tún fẹ́. Àrọlákẹ́ ló sì da ohun tó wà nínú ado agbára náà nù.

Àrugbá, tí Túndé Kèlání yà ní 2008, tọ ipa ọ̀nà kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún bíi ti Ọ̀ṣun Òṣogbo ló gùn lé. Adétutù jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, òun náà ló ń gbé igbá ọdún. Bó ṣe ń fẹ́ràn ọ̀dọ́mọkùnrin oníjó kan, ìlú ń ṣọ́ ara rẹ̀, torí pé ẹni tó bá mọ ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ gbé igbá náà.

Bí a ṣe ń ya ìwọ́de

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ mú kámẹ́rà. Ìwọ́de Yorùbá kì í lọ gbọnrangandan bíi ti ṣọ́jà. Ó ń dúró. Ìyá ìlù rí ẹni tó mọ̀ lójú pópó, ó pe oríkì rẹ̀, ẹni náà ní láti jáde wá jó, ó ní láti náwó, kí èrò tó tún ṣí. Fíìmù púpọ̀ máa ń gé ìdúró wọ̀nyí dànù kí ìran lè yá. Àṣìṣe ni. Inú ìdúró yẹn ni olólùfẹ́ ti ń ráyè wo ara wọn. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà dúró nígbà tí ìlù bá dúró. Ẹ má sì ṣe fi ìlù tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ilé orin bo bàtá tó ń dún lójúko, torí ẹsẹ̀ àwọn oníjó kò ní bá a mu, ẹni tó gbọ́ ìlù yóò sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ wo ìran ọjà nínú Ẹlẹ́ṣin Ọba lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ máa ṣọ́ ọmọbìnrin náà nìkan. Ẹ kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń sọ sí ojú ìwé kan.

2. Ẹ bi ìyá àgbà kan ní agbo-ilé yín bí wọ́n ṣe sun ẹkún ìyàwó nígbà tirẹ̀: ojúlé wo ni wọ́n kọ́kọ́ dé, ta ló gbè é, níbo ni ọkọ wà? Ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ kọ ìran kan fún fíìmù.

3. Ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, tí UNESCO fi kún àkójọ àṣà ìbílẹ̀ àgbáyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, máa ń wáyé nínú oṣù Kẹjọ. Ẹ lọ sí Kòso, ẹ dúró síbi tí ìwọ́de yóò gbà kọjá, kí ẹ sì kọ gbogbo ibi tó ti dúró àti ohun tó dá a dúró sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ya fídíò, ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ni ọdún kí ẹ tó gbé fóònù sókè.

4. Ẹ kọ ìran ìpàdé Ògúnlọlá àti Lọ́rungbẹ́kún lọ́jọ́ tó ti ẹ̀wọ̀n dé, orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ sì ti wà ní ààfin. Kí obìnrin náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.